Àtàǹpàkò Tí Kò Ní Ìlà

Ìwé méjì ló wà lórí tábìlì. Àtàǹpàkò òkú kan náà ló yẹ kó wà nísàlẹ̀ méjèèjì, àmọ́ ọ̀kan ò jọ èkejì rárá, wọn ò tiẹ̀ bára tan.

Leah Ògúndípẹ̀ fà wọ́n mọ́ra, ó tẹjú mọ́ wọn. Ẹ mọ Leah dáadáa o, torí òun ló ni iṣẹ́ yìí. Obìnrin ọlọ́pàá ni, lọ́dún 1958, nígbà tó jẹ́ pé tí obìnrin bá ní òun ń ṣe ọlọ́pàá, àwọn ará Ìkòròdú á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ná, kí wọ́n tó wá bi í pé ṣé ọkọ ẹ̀ gbà. Ìlàjẹ ni, abúlé orí omi ni wọ́n ti bí i. Iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni wọ́n sì fún un, ìdí nìyẹn tí kì í fi í wọ kàkí. Ìró àti bùbá ni tiẹ̀, pẹ̀lú báàgì kékeré kan lápá. Tẹ́ ẹ bá pàdé ẹ̀ lọ́nà, ẹ máa rò pé ata ló ń lọ rà.

"Wò ó, ọmọ Ìlàjẹ." Sáájẹ́ǹtì Mùsílíù, ọ̀gá ẹ̀, ló ń sọ̀rọ̀, ọkùnrin oníkùn ńlá tó fẹ́ràn àwàdà. "Ìwé tí Súbérù mú wá nìyí. Wo ìlà wẹ́wẹ́ tó wà lára àtàǹpàkò yẹn, ó ká bí ìkarahun ìgbín. Ìwé tí Kúlúsúmù mú wá nìyí. Kí lo rí?"

"Nǹkan dúdú ni mo rí, sà."

"Nǹkan dúdú! Kò nílà, kò ní nǹkan kan. Àkísà ló ti bọ tàdáwà tó fi tẹ̀ ẹ́. Ẹjọ́ ti parí. Ọjọ́ Ajé la máa gbé e lọ sí kóòtù."

"Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, sà? Ọjọ́bọ̀ la wà yìí o."

"Àbí o fẹ́ ká dúró de Iléyá ká fi ẹran ẹ̀ bẹ̀ ẹ́?"

Ọ̀rọ̀ náà ò gùn. Bàbá kan wà ní Ẹ̀pẹ́, Bísíríyù lorúkọ wọn, apẹja ni wọ́n, oṣù kẹrin tí wọ́n ti kú rèé. Wọ́n fi ilé kan sílẹ̀ létí ọ̀sà, àti bùkà tí wọ́n ti ń yan ẹja lẹ́yìn ilé. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Kúlúsúmù, òun ló sì ń yan ẹja nínú bùkà yẹn láti kékeré. Ìwé ọwọ́ Kúlúsúmù sọ pé bàbá òun fún òun ní ilé àti bùkà. Ìwé ọwọ́ Súbérù, àbúrò olóògbé, sọ pé Súbérù ló ni gbogbo ẹ̀. Ìyẹn nìkan kọ́ o. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀, bíi pé olóògbé ló ń sọ ọ́, pé Kúlúsúmù kì í ṣe ọmọ òun, pé ńṣe ni ìyá ẹ̀ gbé oyún ẹ̀ wọlé. Ẹ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn!

Tìrìmísíyù, akọ̀wé létà ní Itamaga, Ìkòròdú níbí, ni ìwé méjèèjì ní ó kọ àwọn. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni Bàbá Bísíríyù wá lóòótọ́, nígbà tí wọn ò fẹ́ kí ará Ẹ̀pẹ́ gbọ́. Tìrìmísíyù wá ní ti Súbérù nìkan lòun kọ, òun ò mọ ti Kúlúsúmù rí. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni Kúlúsúmù ń lọ torí ayédèrú ìwé. Ilé á lọ, bùkà á lọ, bàbá gan-an á lọ.

Leah gbé ìwé Kúlúsúmù sójú fèrèsé. Ó rí i pé ìlà funfun kan, tín-ín-rín, gba àárín nǹkan dúdú yẹn kọjá.

"Kí nìyí, sà?"

"Ìwé ló ká níbẹ̀."

Leah fi ìka tọ́ ọ. Ìwé ò ká. Ó gbójú sókè. "Ẹ fún mi títí di ọjọ́ Ajé yẹn, sà."

"Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá. Tó bá di mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú kan, mo ti ń lọ sí kóòtù."

*

Kúlúsúmù jókòó sórí béńṣì lẹ́yìn káńtà. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, èéfín ẹja ò sì kúrò lára ìró ẹ̀. Nǹkan tí Leah kọ́kọ́ rí ni pé ó di ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì pinpin, bí ọmọ tó jí àkàrà.

"Kúlúsúmù, mo fẹ́ kó o tẹ̀ka fún mi."

"Àǹtí ọlọ́pàá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n ṣe é."

"Ṣé o rí i!" Sáájẹ́ǹtì Mùsílíù ti dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹni tọ́wọ́ ẹ̀ bá mọ́ kì í di í!"

Leah jókòó tì í. Ó rọra la ọwọ́ náà, ó gbé àtàǹpàkò lé tìmùtìmù tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé. Nǹkan dúdú. Ó nù ún, ó tún un tẹ̀. Nǹkan dúdú. Ó lo ọwọ́ òsì, ó lo ìka àárín. Dúdú, dúdú. Kò sí ìlà kankan, ó kàn dán bí ẹ̀yìn ṣíbí.

"Ó ti fi òkúta ha á!" Sáájẹ́ǹtì pariwo. "Ó mọ̀ pé a máa wò ó!"

Omi bọ́ lójú Kúlúsúmù. "Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn, sà. Ti bàbá mi náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ni wọ́n ní kí n má fi han ẹnikẹ́ni láé."

"Kí ló dé?" Leah bi í.

"Wọ́n ní apẹja tí ìka ẹ̀ bá dán, àwọn èèyàn á ní ọ̀lẹ ni, pé kò fa okùn rí láyé ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa fẹ́ bá a wọ ọkọ̀. Wọ́n ní témi bá sì la ọwọ́ fáyé wò, kò sí ìyá ọkọ tó máa gbà pé mo lè ṣiṣẹ́."

Leah mọ̀ pé òótọ́ ni. Ní abúlé tiwọn náà, ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò kí wọ́n tó gba èèyàn sídìí àwọ̀n. Ọwọ́ tó bá dán, wọ́n á ní kó lọ máa ta abẹ́rẹ́.

"Ẹ gbọ́ àrọ́bá," Sáájẹ́ǹtì ní. "Bàbá náà rí bẹ́ẹ̀! Bàbá tó ti wà nínú ilẹ̀. Ta ló fẹ́ lọ wú u wò?"

Leah ń ronú. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ kan wà tí okùn àwọ̀n ti jẹ ìlà ìka ẹ̀ tán. Nígbà tí àìsàn dá a dúró sílé lóṣù kan, gbogbo ẹ̀ padà hù. Àbí iyọ̀ àti iná ẹja ló jẹ ti Kúlúsúmù náà? Ó wo ẹsẹ̀ Kúlúsúmù, tí iyọ̀ àti iná kì í kàn. Ló bá ní, "Bọ́ bàtà."

"Bàtà kẹ̀?" Sáájẹ́ǹtì ní. "Ṣé ẹsẹ̀ ló fi tẹ̀wé ni?"

Leah ti kúnlẹ̀. Ó fi tàdáwà sí ọmọńdinrín ẹsẹ̀ Kúlúsúmù, ó fi sí kòtò àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀, níbi tí kì í kan ilẹ̀. Ó gbé ìwé lé e. Nǹkan dúdú ló tún jáde.

"Ọ̀gá, ṣé kòtò ẹsẹ̀ náà ló fi ń yí ẹja?"

Sáájẹ́ǹtì họrí. "Ó lè fi òkúta ha ìyẹn náà."

"Ìka ọwọ́ mẹ́wàá, ìka ẹsẹ̀ mẹ́wàá, àtàtẹ́lẹsẹ̀, tí kò sì sí egbò kan lára ẹ̀? Ẹni tó bá mọ òkúta í lò tó báyẹn, ẹ jẹ́ kó wá máa bá wa pọ́n àdá."

Kúlúsúmù rẹ́rìn-ín láàárín ẹkún. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rẹ́rìn-ín látàárọ̀ nìyẹn.

*

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Leah mú un lọ sí dísípẹ́nsárì. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Dókítà Adéyọ̀sí ń wá síbẹ̀ wo àwọn tí nǹkan ń ṣe awọ ara wọn, irú nǹkan tó sì ń rí, tí wọ́n bá sọ ọ́ fún yín, ẹ ò ní gbà gbọ́. Bàbá kan wà lórí béńṣì tí awọ ojúgun ẹ̀ rí bí ìpẹ́ ẹja látọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ọmọdébìnrin kan jókòó tì í, ìyẹn tiẹ̀ tún yàtọ̀. Tí wọ́n bá fi èékánná fa ìlà sí i lẹ́yìn, kó tó pẹ́ ìlà ọ̀hún á wú bí okùn, tó bá yá á tún pòórá. Ìyá ẹ̀ ní iwin ló ń kọ̀wé sí i lára.

"Kò sí iwin kankan, màmá," Dókítà ń sọ fún un. "Awọ ara ẹ̀ ló ń tètè bínú. Òmíràn nínú wa, ọkàn ẹ̀ ló ń bínú, tiẹ̀, awọ ni."

Nígbà tó kan Kúlúsúmù, Dókítà mú dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó wo ìka kan, ó wo ìkejì. Lojú ẹ̀ bá là, bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ tó ti lọ sókè òkun.

"Àtẹ́lẹwọ́ yìí, ṣé ó máa ń làágùn?"

"Rárá, sà. Tí mo bá wà nídìí iná, òógùn á máa ṣàn lójú mi, ọwọ́ mi á gbẹ táútáú. Mo máa ń tutọ́ sí i kí n tó lè ṣí ewé."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí irú ẹ̀ rí," Dókítà kọjú sí Leah. "Bàbá kan àti ọmọ ẹ̀ méjì ni, mo ṣì wà ní Ìbàdàn nígbà yẹn. Kì í ṣe àrùn, kì í ràn. Ìlà ńláńlá inú ọwọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ìlà wẹ́wẹ́ orí ìka, ọ̀tọ̀ ni bí Ọlọ́run ṣe dá tiwọn. Ọ̀dọ̀ òbí ló ti ń wá."

"Ìyá ni àbí bàbá?"

"Kò sí èyí tí kò lè jẹ́. Lọ wo ọwọ́ ìyá ẹ̀. Tí ìyá bá nílà, o mọ ibi tó kù."

"Bàbá ti kú, sà."

"Ìyẹn ti kúrò ní ti awọ ara," Dókítà ní. "Ìwọ lọlọ́pàá."

*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Leah wọ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ní Èbúté Ìkòròdú, ó di Ẹ̀pẹ́. Ó kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí ọ̀sà, torí Sáájẹ́ǹtì ti sọ fún un pé kó lọ wò ó bóyá bí ọwọ́ gbogbo wọn ṣe rí nìyẹn. Àwọn obìnrin yìí ò jẹ́ kó ráyè. Gbogbo wọn ló fẹ́ tẹ̀ka.

"Àǹtí, ẹ wo tèmi, ṣé màá ríṣe?"

"Ìwọ Mùlíkátù, ìlà tìẹ tó o rí yìí, ìlà ọ̀fófó ni!"

"Tìẹ ń kọ́, tó rí bí ojú ọ̀nà Ìjẹ̀bú!"

Leah tẹ àtàǹpàkò mọ́kànlá. Iná ti jó àwọn kan, ọ̀bẹ ti gé àwọn kan, àmọ́ ìlà wà lára gbogbo wọn. Kì í ṣe ẹja ló jẹ ìka Kúlúsúmù. Ó fi ìyẹn sápò.

Màmá Fàósátù, ìyá Kúlúsúmù, ló wá mú un wọlé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n, tí kì í sọ̀rọ̀ sókè. Leah tẹ ìka wọn. Ìlà kún ibẹ̀ fọ́fọ́.

"Màmá, ẹ má bínú o. Ọwọ́ bàbá Kúlúsúmù ń kọ́?"

Màmá wo ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó fèsì. "Mo ti búra fún wọn pé mi ò ní sọ."

"Ọmọ yín ń lọ sẹ́wọ̀n, màmá."

"Ó dán," ni wọ́n wí. "Ó dán bí inú àwo. Tí wọ́n bá fẹ́ di àjẹ̀ mú, wọ́n á kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ yanrìn. Tí nǹkan wẹ́wẹ́ bá já bọ́ nílẹ̀, èmi ni wọ́n ń pè kí n wá ṣà á. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé mi wọlé, tí wọ́n fọwọ́ kàn mí lójú, mo ní, áà, ọkọ mi, ṣé ìbọ̀wọ́ lẹ wọ̀ ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò pẹ́ lẹ́nu màmá.

"Oṣù méje lẹ́yìn tí wọ́n gbé mi wọlé ni mo bí Kúlúsúmù. Látìgbà yẹn ni Súbérù ti ń kà á lọ́wọ́ fáráyé. Bàbá ẹ̀ rí ìka ọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, wọ́n gbé e mọ́ra, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní, 'Fàósátù, kò sẹ́ni tó lè gba èyí lọ́wọ́ mi.' Àmọ́ wọn ò lè la ọwọ́ wọn han ará ìta. Ìtìjú ò jẹ́."

Ẹ wo nǹkan! Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí fún odidi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó wá di í pa mọ́ sínú ẹ̀ṣẹ́, kí wọ́n má baà pè é ní ọ̀lẹ.

Àmọ́ ìyàwó òkú ló sọ bẹ́ẹ̀, ọmọ òkú ló sọ bẹ́ẹ̀. Kóòtù ò ní gbà á. Leah jáde síta, ó dúró, ó ń bi ara ẹ̀ léèrè: ọkùnrin tó ti kú, níbo ló tẹ àtàǹpàkò ẹ̀ sí láyé ẹ̀, tí òjò ò lè fọ̀, tí ìgbálẹ̀ ò lè gbá? Ara ògiri? Wọ́n ti tún un rẹ́. Ara ìkòkò? Ìkòkò ń fọ́.

Létí omi lápá òsì ẹ̀, apẹja kan dojú ọkọ̀ ẹ̀ délẹ̀, ó ń dí i. Ó ki òwú bọ ibi tó sán, ó da ọ̀dà dúdú gbígbóná lé e. Nígbà tí ọ̀dà rọra tutù díẹ̀, ó ti àtàǹpàkò bọ omi, ó wá fi ń tẹ ọ̀dà náà mọ́lẹ̀, tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀, títí dé ìdí ọkọ̀.

Leah fọwọ́ lu orí. Ọmọ Ìlàjẹ ni o! Ọ̀dà tí bàbá ẹ̀ tẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje ṣì wà lára ọkọ̀ wọn nílé.

"Màmá! Ọkọ̀ bàbá dà?"

Abẹ́ igi àgbọn lẹ́yìn bùkà ni wọ́n dojú ẹ̀ dé sí. Leah fi ìpèlé nu eruku ẹ̀ kúrò. Ọ̀dà wà níbi mẹ́fà, ojú àtàǹpàkò sì tò lé e lórí bí ẹsẹ̀ adìyẹ lórí amọ̀. Kò sí ìlà wẹ́wẹ́ kankan. Ó dán. Àmọ́ láàárín ojú kọ̀ọ̀kan, ìlà kan ṣoṣo yọ sókè, tín-ín-rín, ó dábùú.

"Màmá, ìlà wo nìyí?"

"Ìwọ̀ ẹja ló gé wọn níbẹ̀, wọn ò tíì fẹ́ mi. Ó jinná, àmọ́ ó jin kòtò."

Ibi tó bá jin kòtò lára ìka, ọ̀dà á yọ sókè níbẹ̀. Tó bá jẹ́ tàdáwà, kò ní kan ìwé níbẹ̀, á fi ojú funfun sílẹ̀. Leah rántí ìwé tí Sáájẹ́ǹtì ní ó ká.

"Ta ló ń tú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi wò níbẹ̀ yẹn?"

Súbérù ti ń bọ̀. Ọkùnrin tó ga, tó mọ aṣọ wọ̀, ohùn ẹ̀ sì ń ṣáájú ẹ̀ dé ibi tó bá ń lọ.

"Ẹ káàsán, bàbá," Leah kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́. "Ọlọ́pàá ni mí. Ọkọ̀ tó dáa lèyí o. Ẹ̀yin lẹ bá wọn dí i ni?"

"Èmi? Bísíríyù tó láhun yẹn! Ẹnì kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọkọ̀ ẹ̀. Òun ló ń dá gbogbo ẹ̀ dí, bí òjò ń rọ̀ bí oòrùn ń ràn. Ẹ bi gbogbo Ẹ̀pẹ́."

"Kò sẹ́lòmíì rárá?"

"Mo ní kò sí!"

Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ti kóra jọ, wọ́n ń gbọ́ ọ. Leah fi ohùn rẹlẹ̀. "Bàbá, wọ́n ní Kúlúsúmù ò nílà lọ́wọ́. Wọ́n ní bóyá bó ṣe rí nínú ẹbí yín nìyẹn."

"Nínú ẹbí wa?" Súbérù na ọwọ́ ẹ̀ sókè, ó ń yí i káàkiri kí gbogbo èèyàn lè rí i. "Ẹ wo ọmọ ọkọ! Ẹ gbé tàdáwà yẹn wá! Ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ ilé hàn yín!"

Ó tẹ ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sórí ìwé Leah, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kì wọ́n bó ṣe ń tẹ̀ wọ́n. Leah fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ. Nígbà tó dé orí àtàǹpàkò ọ̀tún, ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ ṣeun gan-an, bàbá. Ẹ wá sí Ìkòròdú lọ́jọ́ Ajé, ká lè parí ọ̀rọ̀ yìí."

"Ìyẹn ni mo fẹ́ gbọ́!"

*

Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Sáájẹ́ǹtì Mùsílíù ti dé fìlà. Súbérù jókòó, ó na ẹsẹ̀. Tìrìmísíyù akọ̀wé létà jókòó tì í, ó so táì mọ́rùn bí adájọ́. Kúlúsúmù àti ìyá ẹ̀ wà lápá kejì.

"Ọ̀gá akọ̀wé," Leah bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin lẹ kọ̀wé fún Bàbá Bísíríyù, ojú yín ni wọ́n sì ṣe tẹ̀ka. Ṣé ó jáde dáadáa?"

"Ó jáde kedere! Gbogbo ìlà ẹ̀ pé."

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ẹ ṣeun." Leah ṣí báàgì ẹ̀. Ó yọ ègé ọ̀dà kan jáde, tó fi ọ̀bẹ gé lára ọkọ̀ níṣojú àwọn obìnrin ẹlẹ́ja. Ó gbé e síwájú Sáájẹ́ǹtì pẹ̀lú dígí tó yá lọ́wọ́ Dókítà. "Ọ̀gá, Bàbá Súbérù sọ lójú gbogbo èèyàn pé Bísíríyù nìkan ló ń dí ọkọ̀ yẹn. Ẹ wo àtàǹpàkò ẹ̀."

Sáájẹ́ǹtì tẹ̀ba lé e. "Kò nílà!"

"Ẹ wò ó dáadáa, sà."

"Ọ̀kan wà. Ó dábùú."

"Ẹ wá wo ìwé Kúlúsúmù."

Sáájẹ́ǹtì gbé dígí láti orí ọ̀dà lọ sórí ìwé, ó gbé e padà, ó tún gbé e lọ. Ibi tí ọ̀dà yọ, ibẹ̀ gan-an ni ìwé ti funfun. Bó ṣe gùn tó níhìn-ín ló gùn tó lọ́hùn-ún.

"Ìwé ò ká," ló rọra wí.

"Kò ká, sà. Ọkùnrin tí kò nílà lọ́wọ́ rí, látọjọ́ tí ìyá ẹ̀ ti bí i, báwo ló ṣe wá fi ìlà tẹ̀wé lọ́dọ̀ akọ̀wé?"

Táì Tìrìmísíyù ti ń fún un lọ́rùn. Ó ń fà á. "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo... ìgbà mẹ́ta ni bàbá yẹn tẹ̀ ẹ́! Ìgbà mẹ́ta! Mo rò pé tàdáwà mi ló bàjẹ́, mo tiẹ̀ da ìgò kan nù. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kó ìwé fún un, fún ọmọ ẹ̀. Lẹ́yìn tó kú ni Súbérù wá, ó ní àtàǹpàkò yẹn ò dáa, kóòtù ò ní gbà á, pé kí n kọ òmíràn tó mọ́..."

"Dákẹ́!" Súbérù ti dìde.

"Ó ní yàrá iwájú yẹn máa di ṣọ́ọ̀bù mi!"

"Àtàǹpàkò ta wá ló wà lórí èyí tó mọ́?" Sáájẹ́ǹtì bi í.

Leah tẹ́ ìwé kan sílẹ̀, ìka mẹ́wàá, tí Súbérù fọwọ́ ara ẹ̀ tẹ̀ létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Àtàǹpàkò ọ̀tún ká bí ìkarahun ìgbín.

Súbérù wò ó. Ó wo ọwọ́ ẹ̀. Ọkùnrin tó ń na ọwọ́ sókè ní Ẹ̀pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọwọ́ bọ abẹ́ agbádá.

"Bísíríyù ò sọ fún mi," ló wí. Ohùn ẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ilé kan náà ni wọ́n ti bí wa. Kò la ọwọ́ fún mi wò rí."

"Ẹ̀yin náà ò bi wọ́n," Màmá Fàósátù ní. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n sọ láàárọ̀ yẹn nìyẹn.

Sáájẹ́ǹtì Mùsílíù bọ́ fìlà sílẹ̀. Ó wo aago ara ògiri. Mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún. "Ó dáa," ló wí, "a ṣì ń lọ sí kóòtù náà. Àwọn tó ń lọ ló yí padà." Ó kọjú sí Kúlúsúmù, ó wúkọ́. "Ọmọ Bísíríyù, máa lọ ilé."

Kúlúsúmù ò dìde. Ńṣe ló ní kó tún un sọ.

"Mo ní ọmọ Bísíríyù, máa lọ ilé!"

*

Lọ́sẹ̀ kejì, Leah gbé ìwé ilé lọ fún Kúlúsúmù ní Ẹ̀pẹ́. Iná ti ń jó nínú bùkà, ẹja àrọ̀ tò sórí wáyà, Kúlúsúmù sì la ọwọ́ gbangba, ó ń yí wọn níwájú àwọn oníbàárà. Ẹnì kan bi í pé kí ló ṣe ìka ẹ̀. "Ti bàbá mi ni," ló dáhùn, kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Leah ń dúró de ọkọ̀ nígbà tí Màmá Fàósátù dé èbúté. Wọ́n ti ní kó dúró gba ẹja, àmọ́ wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó dé, Leah sì ti rò pé wọn ò ní wá mọ́. Wọ́n gbé agbọ̀n ẹja kan sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀, wọ́n ń mí hẹ̀hẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ sáré ni?"

"Sáré kẹ̀? Mo rọra ń rìn ni." Wọ́n fi ìdí ìró nu ojú. "Látìgbà tí mo ti bí Kúlúsúmù, ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà wá sí èbúté. Àwọn ìyàwó Súbérù máa ń jókòó síwájú ilé, tí wọ́n bá ti rí mi, wọ́n á máa ka oṣù, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, títí dé orí méje, wọ́n á wá bú sẹ́rìn-ín."

"Lónìí ńkọ́?"

"Iwájú ilé wọn ni mo gbà. Gbogbo wọn wà níbẹ̀. Wọ́n ní, 'Ẹ káàsán, ìyá Kúlúsúmù.' Mo ní ẹ kú ìjókòó. Nígbà tí mo kọjá tán, ó wá dùn mọ́ mi, ọmọ mi, mo ní mo gbàgbé nǹkan sílé." Ẹ̀rín ti gbà wọ́n lẹ́nu. "Mo padà, mo tún kọjá lẹ́ẹ̀kejì."